Ọwọ́ Oníbàárà Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan wà ní Ìwàrò-Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó fi owó ránṣẹ́ sí ìlú Ọ̀wọ̀, owó náà kò dé, ó wá ṣí ibi ìtàkùrọ̀sọ tí báńkì rẹ̀ ṣe sórí fóònù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣáàtì, kó lè béèrè. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé: "Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kò tíì tẹ ẹni tó ni ín lọ́wọ́." Ohun tí ìka rẹ̀ tẹ̀ ni: "owo ti mo fi ranse si owo ko tii te eni to ni in lowo." Owó, Ọ̀wọ̀ àti ọwọ́ ti di ọ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tí owó rẹ̀ há sójú ọ̀nà tó máa ní sùúrù láti tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ títí àmì yóò fi yọ, kó wá máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ìyẹn tiẹ̀ ni gbólóhùn kejì. Èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, tó dá dúró gedegbe, ni "E kaaro o." Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n kí òun. Á to nǹkan mẹ́jọ sílẹ̀, á ní kó tẹ 1 fún èyí, kó tẹ 2 fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó tó há kò sì sí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Kì í ṣe nǹkan àná ni ṣáàtì báńkì nílẹ̀ wa. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 tí UBA ti gbé Leo jáde lórí Facebook Messenger ni àwọn tó kù ti ń ṣe tiwọn: Zenith ní ZiVA, Access ní Tamada, Fidelity ní Ivy, Sterling ní Kiki. (Nínú orúkọ tí mo kà yìí, kò sí Àdùkẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.) Àwọn tó ń ṣe irú nǹkan báyìí kì í sì í ṣe òpè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó: wọ́n ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, wọ́n ń ní kí èèyàn fi ìràwọ̀ márùn-ún díwọ̀n iṣẹ́ wọn, wọ́n ń pe oníbàárà jókòó, wọ́n á ní ṣé ó wù yín, àwọn yẹn á ní ó wù wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nílẹ̀ wa, ẹnu ni ẹlẹ́rìí tó yẹ kó jẹ́rìí kẹ́yìn nínú ẹjọ́ yìí. N kò sọ pé àwọn èèyàn wa ń parọ́ o. Ọmọlúàbí ni wọ́n, ọmọlúàbí kì í sì í bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí àlejò gbé wá. Ẹni tó bá fẹ́ tún ṣáàtì ṣe fún ará Ọ̀kà tàbí ará Ìkàrẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kó wò: ohun tó tẹ̀, ibi tí ìka rẹ̀ ti dúró, ohun tó kọ tó tún pa rẹ́, ẹni tó nawọ́ fóònù sí nígbà tí ó sú u.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí èyí wá láti Bangalore ní Íńdíà. Ní ọdún 2012, Nicola Dell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbé èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 450 jáde. Wọ́n á fi nǹkan méjì han èèyàn, wọ́n á ní èwo ló dára jù. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé àwọn nǹkan méjèèjì kò yàtọ̀ síra rárá. Olùbéèrè kàn jẹ́ kí onítọ̀hún gbà pé òun lòun ṣe ọ̀kan nínú wọn ni. Èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ olùbéèrè ni wọ́n ń yàn, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ju èkejì lọ. Nígbà tí olùbéèrè wá jẹ́ àjèjì láti òkè òkun tó ń lo ògbufọ̀, ó di ìlọ́po márùn-ún. Àwọn olùwádìí yìí tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ti olùbéèrè jẹ́, débi pé ojú rí i gbangba pé kò tó èkejì. Òun náà ni wọ́n ṣì ń yàn.

Ẹ gbé e wá sí Àkókó. Ọmọ kan dé láti Èkó, aṣọ rẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà wà lápá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá oníṣu nínú ọjà Ìkàrẹ́ bó ṣe yẹ, ó fi ṣáàtì tí wọ́n ṣe hàn án, ó wá ní, "Mà, ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀?" Kí lẹ retí kí ìyá sọ? Ọmọ ọlọ́mọ rìn láti ọ̀nà jíjìn, ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn làwọn ṣe é. Ìyá á ní, "Ó dáa o, ọmọ mi. Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ." Àdúrà nìyẹn. Ẹni tó bá lọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìràwọ̀ márùn-ún ti ṣi àdúrà kà sí ìdájọ́. Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tó lè da gbogbo ìwé ìbéèrè rú: "Kò burú." Bí ohùn ṣe lọ àti bí ojú ṣe rí ló máa sọ bóyá "ó tẹ́ mi lọ́rùn" ni, tàbí "ṣé ọ̀nà mìíràn wà ni?", tàbí "ó ti sú mi, máa lọ." Ìwọ̀n oní-márùn-ún wo ló máa gbé ọ̀rọ̀ tó ń rìn láti òpin kan dé òpin kejì báyẹn?

Ohun tí ọwọ́ ti kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ nílẹ̀ adúláwọ̀ kọjá ohun tí ẹnu kọ́ wọn lọ. Ẹ wo fláàṣì. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí owó ìpè wọ́n bí ojú, kò sí ilé iṣẹ́ tó kọ́ wa pé kí á pe èèyàn, kó dún lẹ́ẹ̀kan, kí á gé e, kí ẹni tó lówó pè padà. Jonathan Donner ṣèwádìí irú àṣà yìí ní Rùwáńdà, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 2007, ó sì rí i pé fláàṣì ní òfin tirẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tápá rẹ̀ ká a jù ni kó pè, ọkùnrin tó ń wá ojú rere obìnrin kò gbọ́dọ̀ fláàṣì rẹ̀. Òfin yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù ní Ìkàrẹ́ nígbà náà. Ká ní wọ́n gbé ìwé ìbéèrè tọ àwọn èèyàn lọ ní 2001 pé kí lẹ tún fẹ́ lórí fóònù yín, ta ni ì bá sọ pé òun fẹ́ ìpè tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé? Àwọn ilé iṣẹ́ tó wo ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ló padà ṣe iṣẹ́ "jọ̀wọ́, pè mí padà." M-Pesa náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Safaricom ń dán an wò ní Kẹ́ńyà ní 2005, ohun tí wọ́n ṣe é fún ni kí àwọn tó yá owó kékeré máa fi fóònù san gbèsè. Àwọn tí wọ́n fún ní nǹkan yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Olùdarí mìíràn ì bá ti ní wọ́n ń ṣi nǹkan òun lò. Àwọn yìí yí ètò wọn padà, nígbà tó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2007, fífi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polówó rẹ̀.

A kò tiẹ̀ ní láti rìn dé Kẹ́ńyà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àpẹẹrẹ tirẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ṣe ṣáàtì kì í mẹ́nu bà á. Lẹ́yìn tí Olúṣẹ́gun Mímìkò gorí àléfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní oṣù kejì ọdún 2009, ìjọba rẹ̀ dá ètò Abíyè sílẹ̀ nítorí àwọn aláboyún tó ń kú, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ètò náà lo fóònù, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ìbéèrè tó gbé e dìde ni pé: níbo gan-an ni aláboyún ti ń pẹ́? Wọ́n pín ìdádúró náà sí mẹ́rin. Ó ń pẹ́ kó tó pinnu pé òun á wá ìtọ́jú. Ó ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ń pẹ́ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ó tún ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ju ìyẹn lọ. Ìgbà tí wọ́n mọ èyí ni fóònù tó rí ibi tó máa jókòó sí. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó wọn láìná kọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ kan á ní nǹkan bí aláboyún 25 lábẹ́ rẹ̀, á mọ orúkọ wọn, á mọ ojúlé wọn. Bí èyí kì í bá ṣe ṣáàtì, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: èèyàn sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i dáhùn. Nígbà tó yá, ó hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni, ta ni yóò wo ojú nọ́ọ̀sì kó sọ pé ibòmíràn lòun fẹ́ bímọ sí? Ẹsẹ̀ wọn ló sọ ọ́. Ètò Agbẹ̀bíyè tó tẹ̀ lé e ní 2014 kò bá àwọn ìyá agbẹ̀bí jà. Ńṣe ló ń san owó fún wọn lórí aláboyún tí wọ́n bá darí sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ̀ lé ẹsẹ̀ obìnrin dé ibi tó ń lọ, wọ́n wá lọ la ọ̀nà wọn síbẹ̀.

Ká wá fi ojú kan náà wo WhatsApp. Ẹ wo àgbàlagbà kan tó ń fèsì fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní tẹ lẹ́tà kan. Á di àmì makirofóònù mú, á gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ gé búrẹ́dì jẹ, á kí ọmọ, á kí ìyàwó ọmọ, á kí àwọn ọmọ ọmọ, lẹ́yìn náà ni á tó sọ pé òrùlé ń jò. Ọdún 2013 ni WhatsApp gbé àǹfààní ohùn yìí dé. Nígbà tó di 2022, ilé iṣẹ́ náà sọ pé bílíọ̀nù méje ohùn ni àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lójúmọ́. Àwọn àtúnṣe tó dé bá a lẹ́yìn ọdún 2013 kì í ṣe nǹkan ńlá. Èèyàn lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ó lè dá a dúró, kó dá ọmọdé tó ń pè é lóhùn, kó tún máa bá a lọ. Ó lè mú ohùn ẹni tó ń fa ọ̀rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yára díẹ̀. Nǹkan kéékèèké tí èèyàn kì í rí àfi tó bá jókòó ti ẹni tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n fi ohùn kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ṣáàtì tí wọ́n ṣe fún oníbàárà, á ní kò yé òun, kí o jọ̀wọ́ kọ ọ́.

Ìwádìí ti wà lórí èyí tipẹ́. Indrani Medhi, tó wà lára àwọn tó ṣe ti Bangalore tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti bá àwọn mìíràn ṣe òmíràn ní 2009 lórí fífi fóònù fi owó ránṣẹ́, láàrin àwọn tí kò mọ̀wé àti àwọn tó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta wéra: èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ, èyí tó jẹ́ ohùn, àti èyí tó pa àwòrán pọ̀ mọ́ ohùn. Àwọn èèyàn kò fẹ́ ti ọ̀rọ̀ kíkọ, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tó dùn ni pé èyí tó ní àwòrán ni àwọn tó pọ̀ jù fi parí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tó jẹ́ ohùn ló yá jù, òun náà ni wọn kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó yá kọ́ ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ jù. Kò sí bí èèyàn ṣe máa rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ "èwo ló wù yín?" nìkan ló béèrè.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa sọ sí mi. Á ní gbogbo ohun tí oníbàárà tẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. A mọ ìṣẹ́jú tó wọlé, a mọ ibi tó ti jáde, ọwọ́ wo la tún fẹ́ wò? Èsì gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ka ẹgbẹ̀rún gbólóhùn tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lóye á mọ̀ ju ẹni tó pe ìpàdé mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ohun tí fóònù ṣe ni àkọsílẹ̀ ń sọ, kì í sọ ẹni tó di fóònù mú. Fóònù ìyá wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ. Fóònù bàbá wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́bàá títì, tàbí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tó yá yàrá nínú ilé rẹ̀ ní Àkùngbá. Àkọsílẹ̀ á sọ pé oníbàárà ẹni ọdún 67 lo ṣáàtì fún ìṣẹ́jú méjì, kò sí ìṣòro. Ọmọ ọdún 19 ló lò ó. Àwọn tó wà lọ́fíìsì á yọ̀ pé àwọn àgbà ti mọ nǹkan àwọn lò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àkọsílẹ̀ kì í sì í mẹ́nu kan ẹni tí kò wọlé rárá. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó bébà, tí náírà wọ́n, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Gbogbo èèyàn já lu fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Owó kúrò nínú àpò ẹni tó fi í ránṣẹ́, kò sì wọ àpò ẹni tó ń retí rẹ̀. Oníṣu dá iṣu padà sórí àtẹ nítorí àláàtì kò dún. Iwájú ilé báńkì lèrò wọ́ lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ṣáàtì báńkì yẹn nínú fóònù tó wà lápò wọn. Kí ló dé tí wọn kò lò ó? Tí wọ́n bá sì lò ó, kí ló dé tí wọ́n tún wá tò? Kò sí ìdáhùn ìyẹn nínú àkọsílẹ̀ ṣáàtì kankan, nítorí pé inú oòrùn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wà. Olùwádìí kan tó ní ìwé àti bíírò, tó tò sẹ́yìn wọn fún wákàtí méjì, ì bá ti kó ẹ̀kọ́ ọdún méjì.

Àtakò kejì dá lórí owó, ó sì jọ mí pé òun ló ń dá iṣẹ́ dúró jù. Wọ́n ní ìwádìí gbówó lórí. Jakob Nielsen, onímọ̀ nínú irú ìwádìí yìí, ti dá wọn lóhùn ní 2000: èèyàn márùn-ún tó. Ìṣirò òun àti Thomas Landauer ní 1993 ni pé ẹnì kan ṣoṣo tí a bá wò á fi nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àbùkù hàn, márùn-ún á sì fi nǹkan bí 85 hàn. Ní 2001, Jared Spool àti Will Schroeder dán an wò, wọ́n ní márùn-ún àkọ́kọ́ fi ìdá 35 péré hàn. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi èyí fa ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, kò sí ìjà ńbẹ̀. Bí àwọn márùn-ún bá jọra, tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò sì pọ̀, wọ́n tó. Bí wọn kò bá jọra, wọn kò tó, Nielsen fúnra rẹ̀ sì sọ pé kí á wo èèyàn láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bí ọ̀wọ́ bá pọ̀. Márùn-ún tí wọ́n rí ní Lekki kò lè dúró fún Ọ̀kà. Àkókó gan-an kì í ṣe ọ̀wọ́ kan. Ọ̀kà ní bó ṣe ń sọ Yorùbá, Ìkàrẹ́ ní tirẹ̀. Bí a bá dé Arígidi, èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè. Bí a bá dé Ìṣùà, èdè wọn bá Ẹ̀dó tan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ti fi Yorùbá sínú ẹ̀rọ òun, Yorùbá ilé ìwé ló fi sí i. Ará Ọ̀kà á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni á fi dáhùn nígbà tí owó rẹ̀ bá há. Ní ti iye tó máa ná wọn, owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ìkàrẹ́, ibùsùn ọjọ́ mẹ́rin àti ẹ̀bùn káàdì fún èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó owó pátákó ìpolówó kan lẹ́bàá títì.

Èyí tó dé gbẹ̀yìn ni ti àwọn tó ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu mọ́, ẹ̀rọ ti fẹ́ máa gbọ́ gbogbo èdè. Òótọ́ ni pé nǹkan ti yí padà. Ọdún 2013 ni Google Translate gba Yorùbá wọlé, ẹ sì rántí irú ẹ̀rín tí a ń rín sí i nígbà náà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ àti ilé iṣẹ́ Awarri gbé N-ATLaS jáde, ẹ̀rọ elédè kan tó wà fún Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ èdè yàtọ̀ sí mímọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá dénú lè wo ìyá ẹni àádọ́rin ọdún lójú kó ní, "Ṣé o fẹ́ mọ iye tó kù nínú àpò rẹ?" Gírámà rẹ̀ pé. Ìyá kò ní fi ẹjọ́ sùn, kò ní fún un ní ìràwọ̀ kan, á kàn gbé fóònù sílẹ̀ ni. Ta ni á rí i pé "o" kékeré yẹn ló lé e lọ, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀? Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń mọ̀ ọ́n sọ sí i ni irú àṣìṣe báyìí á máa farapamọ́ sí i, nítorí kò ní sí gbólóhùn tí kò yé e nínú àkọsílẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan wà láti ṣe irú ìwádìí yìí tí mo rò pé ó bá wa mu gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni olùwádìí J. F. Kelley ti lò ó ní Amẹ́ríkà: èèyàn ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lójú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn bíi tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn tó ń kọ ìdáhùn. Ọmọ Yorùbá tó mọ egúngún kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan tí a máa kọ́kọ́ ná owó lé lórí. Kí ọmọ Ọ̀kà kan tó gbọ́ èdè ibẹ̀ jókòó sí yàrá kejì pẹ̀lú fóònù, kó máa dá àwọn èèyàn lóhùn bí ṣáàtì, kó kí wọn padà nígbà tí wọ́n bá kí i, kó gba ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìwé ìtàkùrọ̀sọ tó máa wà nílẹ̀ á sọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ, àti ohun tí kò yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe rárá. Nígbà tó bá parí, kí wọ́n ṣí aṣọ, kí wọ́n sọ fún onítọ̀hún pé èèyàn ló wà ńbẹ̀, kí wọ́n sì gba àṣẹ kí wọ́n tó tọ́jú ohun tó sọ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò fi ìyẹn ṣeré. Owó tí kì í ṣe ti gidi ni kí wọ́n lò, kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn.

Ó ku ìṣòro kan tí n kò rí nínú ìwé àwọn òyìnbó tó kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ òun ló le jù. Wọ́n ní kí olùwádìí gbé iṣẹ́ kan fún onítọ̀hún, kó dákẹ́, kó máa wò, kó má ràn án lọ́wọ́ bó ti wù kó ṣì í tó. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní Ìwàrò. Àgbà ń wá bọ́tìnì, ó ti tẹ ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ tó mọ ibẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ará ilé á bi í pé ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìyá fúnra rẹ̀ á dákẹ́, á ní kò burú, á gbé fóònù fún un. Ìwádìí ti bàjẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo dábàá ni kí olùwádìí má jókòó sí ipò ọmọ náà rárá. Kí ó jẹ́ kí ọmọ ilé gan-an jókòó síbẹ̀, ọmọ ọmọ tí ìyá máa ń gbé fóònù fún tẹ́lẹ̀. Kí òun jókòó sẹ́yìn wọn díẹ̀, kó ti sọ fún ìyá látàárọ̀ pé òun kọ́ lòun ṣe nǹkan yìí, wọ́n kàn ní kí òun wá wò ó ni. Kó wá gbọ́ ohun tí ìyá máa bi ọmọ. Ìyá kò ní sọ pé "tẹ ìbéèrè nípa ìsanwó." Á ní, "Bá mi wò ó, ṣé owó yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa? Ṣé ó ti dé ọ̀hún? Tí kò bá tíì dé, ta la máa rí?" Ìbéèrè mẹ́ta ni, ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó sì fi èdè Ọ̀kà bi wọ́n. Kí olùwádìí kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu ìyá, kó má tún un ṣe, kó gbé e padà lọ sí Èkó.